Ọwọ́ Ò Ka Ìwé

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti ìwé owó iná,
kò kan ilẹ̀kùn, kò tọrọ gáfárà.
Dọ́là méjìdínláàádọ́rùn-ún ti di mọ́kànléláàádóje lóṣooṣù.
Mọ́tò kan náà, awakọ̀ kan náà,
obìnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta tí kò gbá adìẹ rí.

Marlys Vondra jókòó ti tábìlì ìdáná,
ó gbé awò ojú wọ̀, ó bọ́ ọ, ó tún gbé e wọ̀.
Orval ló máa ń bá irú ìwé báyìí jà.
Orval ti wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà ìkórè àgbàdo èṣí,
ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì dúró lára fáìlì, gàdàgbà:
MỌ́TÒ. MÁ SỌ Ọ́ NÙ.

Nebraska nibẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́ bí aṣọ tí a lọ̀,
èèyàn á rí òjò lánàá kó tó rọ̀ lónìí.
Ó pe ilé-iṣẹ́ adójútòfò mẹ́rin.
Èkíní fi orin dí i létí fún ogún ìṣẹ́jú.
Èkejì bi í léèrè ọjọ́ ìbí ọkọ rẹ̀;
ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́ẹ́.
Ẹ̀kẹta ní dọ́là mọ́kànlélógójì! Ó kù díẹ̀ kó jó.
Àfi bó ṣe rántí pé ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn,
ló bá tẹjú mọ́ lẹ́tà wínníwínní ìsàlẹ̀ ìwé:
ohun tí o bá fi mọ́tò rẹ bà jẹ́ fún ẹlòmíì, a ó san án.
Tìrẹ, ìwọ lo mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin ni Tyrel Hoback, ọmọdé lásán,
tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oní-táyà.
"Ìyáàfin Vondra, bí yìnyín bá fọ́ gíláàsì yín,
bí olè bá gbé e, bí ẹ bá gbá àgbọ̀nrín,
ọ̀rọ̀ kan ni gbogbo ẹ̀: àjálù tí ẹ ò pè.
Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yà fún àgbọ̀nrín, tí ẹ lọ gbá igi,
ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ gbá igi.
Owó ọ̀tọ̀ ló sì ń gbà."

"Ṣé ìwé yín fẹ́ kí n pa ẹran náà ni?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ pẹ́ jù.
"Ìwé ò fẹ́ nǹkan kan, ìyáàfin. Ìwé kàn ń kà á sílẹ̀ ni."

Ó ṣírò ó sẹ́yìn àpòòwé:
Buíìkì ọdún mẹ́rìnlá, ta ni yóò fi ẹgbẹ̀rún méjì rà á?
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àkọ́kọ́, àpò rẹ̀ ni yóò ti jáde
kí ilé-iṣẹ́ tó ya ẹnu.
Ó fi bírò fa ìlà la àgbákò igi kọjá.
Ó fi yìnyín sílẹ̀. Ó fi àgbọ̀nrín sílẹ̀.
Ó fi ohun ìní aládùúgbò sílẹ̀.
Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ó fọwọ́ sí i.

Oṣù Kọkànlá, aago márùn-ún àárọ̀,
ó ń bọ̀ níbi tó ti ń fọ aṣọ ibùsùn ọsibítù mọ́jú.
Àgbọ̀nrín kan dúró sáàárín iná mọ́tò,
abo, èéfín ń jáde nímú rẹ̀.
Marlys mọ ohun tó yẹ. Ó gbọ́ ohùn Tyrel létí kedere:
di sítíárì mú, má yà.
Ọwọ́ ò ka ìwé.
Ọwọ́ yà.

Òpó mẹ́ta nínú ọgbà Petska wó lulẹ̀.
Ẹran náà wò ó, kò yára,
ó wọ inú pòròpórò lọ.

Wọ́n san owó ọgbà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.
Petska ra òpó tó dára ju ti àtijọ́ lọ,
ojú sì ń tì í díẹ̀.
Ti Buíìkì, òdo.
Petska ló fún un ní wáyà àlòkù tó fi so bọ́ńpà,
ó sì ń dún kíríkírí títí di ìgbà ìrúwé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó ṣí fáìlì,
ó wá àyè lábẹ́ ìkọ̀wé Orval,
ó kọ ọ́ kékeré:
Mo yà.