Àrokò fún Ilé Òfìfo

Ní Sábó, Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń ṣa obì oníkòkòrò sọ́tọ̀,
ni Ràmọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí:
"Abẹ́rẹ́ kan ti dé. Orúkọ rẹ̀ wúwo: ẹ́kísòsóòmù.
Wọ́n á gún un sí ọ lórí,
irun á hù bí koríko ìgbà òjò."

Ó pẹ́ tí irun iwájú orí mi ti ń sá sẹ́yìn.
Didì tó le ló kọ́kọ́ lé e,
agbọ̀n obì ló lé e dé ibi tó dé.
Ọkọ mi nìkan ló mọ̀, àti dígí.
Ọkọ mi ti kú. Dígí kò lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ náà rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀,
oníkálukú fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.
Àlájà Sikírátù ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó ni.
Ọmọ Awósanyà tó ń ta káàdì ní sẹ́ẹ̀lì alààyè ni,
wọ́n ń gbìn ín bí ẹni gbin ẹ̀gẹ́,
lẹ́ẹ̀kan péré, títí ayé.
Ẹnìkan tilẹ̀ ní n ó pupa bí epo tuntun.
Èmi tí mo dú bí kóró iṣin!
Ta ló sọ fún wọn pé dúdú ń dùn mí?

Mo lọ. N kò ní purọ́.
Òkè báńkì ni ilé ìtọ́jú náà wà, àga rẹ̀ funfun báláú.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi àwòrán orí hàn mí:
àná pá, òní igbó.
Ó dárúkọ owó, mo di apá àga mú.
Agbọ̀n obì mọ́kànlá!
"Oògùn náà dà?"
Ó ní ó wà nínú fíríìjì.
Fíríìjì dákẹ́. Iná ti lọ láti ìjẹta.

Nọ́ọ̀sì Ọnàfowókàn, tó ti fẹ̀yìntì,
ń já ewúro lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo dé.
"Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì," ló wí. "Kò lẹ́mìí.
Àpò tíntìntín ni, tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta.
Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló rù.
Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá ẹ. Ṣé o kò mọ àrokò ni?"

Mo mọ àrokò.
Bàbá ìyá mi fi owó ẹyọ mẹ́fà hàn mí rí,
tí wọ́n sín sójú okùn kan, ojú kojú:
mo fà mọ́ ọ, kí ìwọ náà fà mọ́ mi.
Owó ẹyọ kọ́ ni ẹni tó rán an.
Kò lè gbálẹ̀, kò lè dáná.
Ẹni tó bá ń bẹ nílé ni yóò tú u, tí yóò kà á, tí yóò dìde.

"Bí gbòǹgbò irun bá kàn ń sùn, bóyá á gbọ́.
Bóyá, mo ní. Àwọn tó ń ṣèwádìí ṣì ń wò ó.
Bí ibẹ̀ bá ti di àpá, tó ń dán bí àwo,
ilé òfìfo nìyẹn. Ta ni yóò ka àrokò?
Ẹni tó sì gbọ́ lónìí lè gbàgbé lẹ́ẹ̀mí-ìn.
Béèrè ẹni tó dì í, ibi tó ti dì í, ìwé àṣẹ rẹ̀.
Àrokò tí a kò mọ ẹni tó rán an,
ogun ló lè jẹ́."

Ó ní kí n tú ìwérí.
Ìka rẹ̀ ń rùn ewúro.
Lápá òsì: "Ibí ti lọ."
Lẹ́bàá etí ọ̀tún, ó dúró pẹ́.
"Ibí… jáwọ́ nínú didì ná. Gbé agbọ̀n fún alábàárù.
N ó kọ orúkọ dókítà awọ kan fún ọ."

N kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe.
Owó agbọ̀n mọ́kànlá ṣì wà nínú kóló.
Obì tí kòkòrò bá ti jẹ tán, ewé gbòdògì kò lè jí i;
èyí tó ṣì tutù ni ewé ń pa mọ́.
Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti mọ̀ ọ́n,
fún obì.

Ìwérí wà lórí itan mi láàárọ̀ yìí.
Oòrùn ń ta sí mi lórí gbangba.
Ràmọ́tà wò mí, kò wí nǹkan kan,
ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka obì tó ti kà tán.