Ọ̀rọ̀ Kan Náà

Ní agogo mẹ́rin ìdájí, fèrè ilé-iṣẹ́ á dún lẹ́ẹ̀kan péré,
àkùkọ Ìsìnkàn á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bú.
Mo wọ bàtà òjò, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì
sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí Àlà,
níbi tí èéfín ti ń tú lẹ́nu páìpù mẹ́ta,
tó ń rùn bí ìrèké tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

Wọn kì í gbé e wá ní funfun.
Tírélà ń kó o dé ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú,
bí iyẹ̀pẹ̀ ojú ọ̀nà Ìdànrè,
òkúta wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀, okùn, ìyẹ́ ẹyẹ.
Nígbà kan a bá bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ òsì.
Akíndúró tó ń ṣọ́ ìkòkò ńlá ní ká má béèrè.
Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri. Ó ṣì wà níbẹ̀.

A yọ́ ọ. A sẹ́ ẹ. A tún un sẹ́.
Èédú egungun màlúù ló ń fọ àwọ̀ rẹ̀ dànù:
ohun dúdú ló ń sọ ọ́ di funfun.
Omi gbígbóná á padà sínú odò.
Àwọn ọmọ Òkè-Àró ní omi náà dùn.
Irọ́ ni. Mo ti tọ́ ọ wò.

Iṣẹ́ tèmi ni rírán ẹnu àpò,
ẹgbẹ̀rin àpò lójúmọ́, àádọ́ta kílò ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ẹ̀rọ ń ta pàrà-pàrà bí gúgúrú;
bí ọkàn rẹ bá lọ sílé, á rán ìka mọ́ ọn,
bó ti rán ti Fọlábọ̀mí lóṣù Agẹmọ.
Àpò yẹn bá mọ́tò Ọ̀wọ̀ lọ, tòun tẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí.

Eèrà mọ ilé mi.
Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí.
Jọláadé fi ahọ́n kan ìgbọ̀nwọ́ mi:
“Ìyá mi, ẹ dùn.”
Mo ní, “Ẹ̀yìn ló ń dùn mí.”
Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà la sọ.

Mo po ẹ̀kọ tèmi láìfi nǹkan kan sí i,
mo mu ún ní ìdúró.
Eèrà kan gbé hóró tó tóbi jù ú lọ,
ó dé etí ilẹ̀kùn, ó sọ ọ́ sílẹ̀,
ó yí i ká,
ó tún gbé e.