Léfòó Ná

Ìyá mi bi mí lórí fóònù, ẹ̀rín ń pa á:
"Ṣé o wọ bàálù kọjá òkun
torí kí o lè kọ́ ọmọ òyìnbó bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́?
Ta ní í gbé iyọ̀ lọ tà fún òkun?"
Mi ò dá a lóhùn. Òtútù ti di eyín mi pọ̀.

Igbókọ̀dá ni wọ́n ti bí mi, lórí omi.
Mi ò rántí ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n lú,
bí mi ò ṣe rántí ọjọ́ tí mo mọ̀ ọ́n rìn.
Bàbá tì mí kúrò lẹ́yìn ọkọ̀,
ó ń fi àjẹ̀ rẹ̀ tukọ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.
Ilé-ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Kò sí fèrè, kò sí ìwé-ẹ̀rí.

Ní Porthcawl, fọ́ọ̀mù mẹ́rin ni mo kọ́kọ́ kọ,
ìjọba wádìí mi wò dé ìdí
kí n tó fọwọ́ kan ọmọ ẹnikẹ́ni.
Mo ní ó dára. Ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe nǹkan eré.
Oṣù mẹ́fà ni mo yọ̀ǹda, láìgba kọ́bọ̀.
Wọ́n fún mi ní yàrá kan lókè ilé Ìyáàfin Prosser,
ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì, àti tíì tí kì í tán.

Láràárọ̀ Sátidé, nínú adágún tó ń rùn bí omi ìfọṣọ,
ọmọ mọ́kànlá á tò sí bèbè,
etí wọn á pọ́n, orúnkún wọn á máa lu ara wọn.
Gethin ò fẹ́ kí omi kan imú òun.
Samira, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ ọkọ̀ rọ́bà dé ilẹ̀ yìí lóru,
kò fẹ́ kí omi kan òun rárá.
Ó jókòó, ó wọ bàtà.
Mi ò sọ pé kó bọ́ ọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la jọ jókòó síbẹ̀,
èmi tẹsẹ̀ bọmi, òun ti bàtà.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó bọ́ ẹyọ kan.

Oṣù kẹfà, a kó wọn lọ sétí òkun.
Mo ń ṣàlàyé fún wọn bí omi ṣe máa ń dákẹ́
níbi tó bá ti fẹ́ gbé èèyàn lọ,
ni afẹ́fẹ́ bá gba bọ́ọ̀lù Gethin.
Mo bẹ́ sínú omi. Èmi ọmọ Ìlàjẹ! Ta ni kí n bi?

Òtútù gbá mi láyà bí ọmọ odó.
Èémí mi sá. Mo gbé apá, apá kọ̀.
Mo gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ní òun ò mọ̀ mí rí.
Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ:
mo ti ń pa òwe yẹn fún wọn láti ìgbà tí mo dé,
mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń bá wí.

Ohùn kan wá láti etí òkun, tín-ín-rín, ó mú bí abẹ́rẹ́:
"Tíṣà! Léfòó ná!
Gbójú sókè! Na apá bí ìràwọ̀!"
Samira ni. Ó dúró nínú omi dé orúnkún,
bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lórí iyanrìn.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ohun tó fẹ́ pa mí.
Sánmà eérú. Ẹyẹ òkun kan ń ṣépè lókè.
Mo ka èémí, ọ̀kan, èjì,
títí ara fi rántí pé ara lòun.
Ẹ̀ṣọ́ etí òkun fi pákó gbọọrọ gbé mi.
Bọ́ọ̀lù náà ńkọ́? Ó forí lé Amẹ́ríkà,
kò sẹ́ni tó bi í ní físà.

Lálẹ́, mo pe ìyá mi padà.
Mo ní omi wọn kì í kí èèyàn kó tó dì í mú.
Mo sọ ohun tí ọmọ náà sọ fún mi.
Ó dákẹ́. Mo rò pé káàdì ti tán.
Ó ní, "Ká ní ẹnì kan pariwo bẹ́ẹ̀ sí Orímisan."
Orúkọ tí a kì í dá nílé wa láti ọdún kọkànlélógún.
Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ń kán lára aṣọ rọ́bà mi,
tó. Tó.