Ilẹ̀ Náà Ń Jẹ Irin

Sàmínù na téèpù sí àwo háróò náà,
ó ní, "Ínṣì méjìdínlógún."
Méjìlélógún ni nígbà tí a tú u nínú páálí ní Fúntúà,
ọdún tí mo sin ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́
tí n kò dúró jẹ sààrà ọjọ́ kẹjọ,
torí òjò ti ń ṣú ní Bákórì, katakata sì ń dúró dè mí.
Ínṣì mẹ́rin. Mo ní, níbo ló wá gbà lọ?
Sàmínù nawọ́ sí oko.

Irin ń jẹ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń jẹ irin,
èyí tí yóò kọ́kọ́ yó ni a kò mọ̀.

Àwo tó ti jẹ tán kì í gé pòròpòrò mọ́,
ńṣe ló ń mú un dọ̀bálẹ̀
bí ọmọ tó ń kí àgbà;
bí àgbà bá ti kọjá tán, ó dìde.
Èyí tí kò bá dìde á lọ́ mọ́ ọ̀pá
bí okùn mọ́ ọrùn ewúrẹ́.
Lánàá nìkan, ẹ̀ẹ̀méje la sọ̀kalẹ̀ fi àdá gé e kúrò.

Alájì Múntàrí ní kí a ra mẹ́ta péré:
"Àwọn tó kù ṣì ń dán."
Dídán kọ́ ni mímú, Alájì.
Bí a bá ki tuntun mẹ́ta sáàárín ògbólógbòó,
àwọn tuntun nìkan ni yóò kan ilẹ̀,
àwọn ẹ̀gbọ́n á máa yí nínú afẹ́fẹ́
bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́.
Mo mọ ẹbí tó rí bẹ́ẹ̀.
Àbúrò mi Ọlátẹ̀jú ló dúró gba àlejò.

Alájì wo ojú ọ̀run.
Ó ka owó, ó tún un kà, ó kó o fún mi.

Nọ́ọ̀tì orí ọ̀pá ti dógùn-ún, ó kọ̀.
A da epo dísù sí i, ó mu ún mọ́jú.
Láàárọ̀ a ki páìpù bọ ẹ̀yìn sípánà,
èmi àti Sàmínù fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn.
Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
bí eyín tó kúrò lẹ́nu.

Eléyín lọ síwájú, òun ni yóò di pòròpòrò mú.
Ẹlẹ́nu-jọ̀lọ̀ tẹ̀ lé e.
Ti iwájú á da ilẹ̀ síta, ti ẹ̀yìn á kó o wálé.
Ẹni tó bá dojú wọn rú, oko ni yóò sọ fún un.

Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, tí katakata fà á,
mo gbọ́ ọ: pàkà, pàkà, pàkà.
Kò sí ìkíni mọ́.
Pòròpòrò já ní ìwọ̀n ìka, ó wọlẹ̀.

Dèlú, ìyá Sàmínù, gbé ọ̀kan nínú àwọn tó ti kú.
Mo fi iná wẹ́dà dí ihò àárín rẹ̀,
ó fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́.
Lọ́jọ́ kejì ó ń din kósáì nínú rẹ̀ lẹ́bàá oko,
epo ń hó, èéfín ń ta wá lójú.
Ó bu mẹ́rin fún mi, ó kọ owó.

Mo ń jẹun, mo ń ro ínṣì mẹ́rin yẹn.
Bóyá a ti jẹ ẹ́ nínú àgbàdo láti ọdún yìí wá,
a ò kàn mọ̀ ni.

Mo nu ọwọ́ mi sí ṣòkòtò.
Bíárìn ẹ̀yìn ń han díẹ̀.
Ó di ọ̀la.