Ogójì Ìṣẹ́jú

Ẹ̀gbẹ́, oṣù kẹta, ìgbà tí kájú ń pọ́n,
tí òórùn rẹ̀ ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.
Mo ti iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù,
bàtà funfun mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sùn ṣáájú mi.
Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n jókòó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì.
Tísà Ọbáyọmí ti ń dúró dè mí,
ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mọ́kànlá,
síbẹ̀ ó ṣì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀
bí ẹni tí agogo iléèwé ń dè.

Ó ka kóró kájú sínú abọ́:
igba, ó lé àádọ́ta.
"Ọ̀rọ̀ kan, kóró kan.
Bí o bá ti ń kọ, mà á máa kó o sí abọ́ kejì.
Ogójì ìṣẹ́jú. Ó yá."

Àwọn kan ní kí ọ̀dọ́ dúró sí ìlú wọn,
àwọn kan ní kí wọ́n máa lọ.
Jíròrò lórí ìhà méjèèjì. Sọ èrò tìrẹ.

Mo rẹ́rìn-ín. Tísà kò rẹ́rìn-ín.

Àròkọ tí mo kọ́kọ́ kọ, lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn,
ìkíni ni mo fi bẹ̀rẹ̀.
Ta ló ń wọnú ọ̀rọ̀ nílẹ̀ wa láìkí?
Okun fún ẹni tó jí, okun fún ẹni tó ti oko bọ̀,
okun fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀,
ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn la fi ń yí i padà.
Tísà fi báírò pupa fa ìlà gba ọrùn rẹ̀.
"Ẹni tí yóò ka èyí kò mọ ìyá rẹ."
Nínú èkejì, mo fi òwe sí i.
Ó pa òwe náà rẹ́. Ó ní
ẹni tí yóò fún mi ní máàkì kì í gun ẹṣin,
ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ọ̀nà tààrà ló fẹ́:
fún àpẹẹrẹ, nítorí náà, síbẹ̀síbẹ̀.
Mo ti kọ síbẹ̀síbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wí fún aláìsàn kan pé,
"Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀, mà. Síbẹ̀síbẹ̀…"
Ó fẹ́ẹ̀ bú sẹ́kún.

Ìhà àkọ́kọ́ kò le: owó oṣù, iná,
Jọláadé tó fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù.
Kóró ń bọ́ sí abọ́ kejì, kó, kó, kó.

Ìhà kejì ni mo ti ṣìnà.
Mo fẹ́ kọ pé ìlú nílò wa. Gbólóhùn kan, ó tó.
Ọwọ́ mi lọ kọ obìnrin ará Ejìbà
tí ọ̀kadà gbé wá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.
Iná lọ. Mo fi eyín di fóònù mú,
ìmọ́lẹ̀ ń gbọ̀n, orí ọmọ yọ, ó padà,
ó yọ, ó padà,
Gẹ̀ẹ́sì mi tó máa ń takú bí ọ̀kadà nínú òjò
dìde, ó ń sáré.

"Kóró tán," ni Tísà wí.

Obìnrin náà kò tíì bí.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.
"Ìparí dà? Kí ni èrò tìrẹ?
Kí o lọ ni, àbí kí o dúró?"
Kò gbójú sókè bó ṣe bi mí.
Ọmọ mẹ́ta tó bí, òkè òkun ni gbogbo wọn wà.
Mo kọ: Ní ìparí,
mo dánu dúró síbẹ̀
bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ ní gáréèjì.

Báírò pupa kò kan obìnrin náà.
Ó kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́:
Akọ ni, àbí abo?

Ọjọ́ Sátidé ni ìdánwò, ní Ìlọrin,
ọkọ̀ àkọ́kọ́ á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.
Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tísà da kóró sórí páànù,
ó dáná sí i lábẹ́ igi máńgòrò,
èéfín lé adìyẹ kúrò lágbàlá.
A fi òkúta fọ́ ọ, a jẹ ẹ́ ní gbígbóná,
igba ọ̀rọ̀, ó lé àádọ́ta,
kò ku ẹyọ kan.
Abo ni, mo wí fún un.
Ó ní, "Okun."
Epo kájú ń ta mí létè títí mo fi sùn.