Èépo Ọta

Ẹ má kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.
Ọ̀rọ̀ tí Ògúnjìnmí kọ́kọ́ sọ nìyẹn,
kí ó tó kí Sùbérù káàbọ̀, kí ó tó béèrè ilé.
Àpò iyanrìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbẹ̀dẹ wa ní Ìgbàjà,
òun ni gbogbo ìbọn tó bá wọlé ń dojú kọ.

"Ó yìn," ni Sùbérù wí. "Ó yìn dáadáa.
Lẹ́yìn náà ni mo fà á, ó kọ̀.
Mo fi orúnkún tì í, mo tún fà á,
bí ẹni tí ń fa ewúrẹ́ wọnú òjò."

Pọ́ǹpù ni, ìbọn à-fà-sẹ́yìn-tì-síwájú,
kì í ṣe ṣakabùlà tí ẹ̀tù àti àkísà mọ̀ délé.
Ṣe ni tiẹ̀ ń jẹ, tó ń tutọ́, tó tún ń jẹ.
Ọjọ́ tí kò bá ti rí itọ́ tu, ebi dé nìyẹn.

Èmi ni mo mú tọ́ọ̀ṣì.
Ọ̀gá mi tú ọta mẹ́ta tó kù nínú ikùn rẹ̀,
ó tò wọ́n sórí àpótí bí ọmọ ayò,
ó ní kí n kà wọ́n. Mo kà wọ́n. Ó ní kí n tún kà.
Kò gbé òòlù.
Ọmọ alágbẹ̀dẹ, kò gbé òòlù!
Ó kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i lẹ́ẹ̀mẹta,
ó lọ mu gààrí.

Nígbà tó padà, ó ń rọra mì í
bí ẹni tí ń mi eyín ọmọdé,
sẹ́yìn díẹ̀, síwájú díẹ̀,
títí èépo fi já bọ́ sórí símẹ́ǹtì, kọ́lọ́.

Èépo pupa. Ó ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sómi.
Etí idẹ rẹ̀ ya níbi tí èékánná irin ti dì í mú, tó yọ̀.
"Èékánná ò ṣẹ̀," ni ọ̀gá mi wí.
"Ẹni tí a ní kó gbé òkú jáde,
tí òkú wú ju ẹnu ọ̀nà lọ, kí ni yóò ṣe?"
Ó ní kí n tan iná sínú ilé ọta.
Ìpẹtà. Ike yíyọ́ lẹ̀ mọ́ ọn bí èépá ìdí ìkòkò.
"Níbo ni ìbọn yìí ń sùn?"
"Lábẹ́ ibùsùn, lórí ilẹ̀."
"Ọta ń kọ́?"
"Ti ọdún kẹta. Òjò pa wọ́n nígbà tí páànù ṣí."

Ó ń fi wáyà àti àkísà ha ilé ọta, kò gbójú sókè.
"Ọ̀yà lo yìn ín sí?"

Mo rí gògóńgò Sùbérù tó lọ sókè, tó bọ̀ wálẹ̀.
"Mi ò mọ̀.
Mò ń ṣọ́ iṣu lójú ọ̀nà Òró-Àgọ́, òru ti jìn.
Nǹkan mì nínú èèsún. Àkọ́kọ́ ba igi irúgbá.
Mò ń fa ìkejì lọ́wọ́ ni ohùn kan dé:
Bùọ̀dá, èmi ni. Lásúnkànmí ni.
Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló kú."

Ewúrẹ́ kan yọjú, ó wò wá, ó padà.
Ọ̀gá mi mú èépo wíwú náà, kò jù ú nù.
Ó fi há ihò ara ògiri, lókè àpò iyanrìn.

Ọjọ́ kejì niṣẹ́ parí.
A yọ èékánná, a fọ̀ ọ́, a dá a padà.
A fi èépo òfìfo dán an wò: ó wọlé, ó jáde,
bí ìlẹ̀kùn ẹni tí kò jẹ gbèsè.
Sùbérù ò wá. Ọjọ́ ọjà dé, kò wá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gbọ́ ẹni tó ń súfèé bọ̀ nídìí máńgòrò,
súfèé gígùn tí kò ní orin nínú,
lọ́sàn-án gangan.
"Ẹ̀gbọ́n ní kí n wá gbà á."
Ó sanwó. Ó gbé ìbọn, ó kọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀,
a ò tíì sọ fún un.
Ó ti kọjá ilé ìwé, mo ṣì ń gbọ́ súfèé náà.