Pákó Ẹsẹ̀ Méjìlá

Ní Òkò Bàbá, ayùn kì í sinmi.
Láti ìdájí ló ti ń jẹ gẹdú tí ọ̀sà gbé wá,
lẹ́búlẹ́bú igi ń bà lé ọbẹ̀, ó ń bà lé ìpéǹpéjú.
Ọmọ tuntun gbogbo àdúgbò ló máa ń ké sí ariwo náà
kó tó mọ́ wọn lára.
Tèmi nìkan ló sùn.
Mo ní, "Ẹ wo ọmọ oní-pákó! Ọkàn rẹ̀ balẹ̀."
Mo ń yangàn.
Ọlọ́run, mo ń yangàn.

Oṣù kẹrin, orí kò tíì dúró lọ́rùn.
Oṣù keje, a kó ìrọ̀rí yí i ká,
ó rọ̀ sílẹ̀ bí àpò ìrẹsì tó jò.
Ìyá Súlè ní yàrá kejì bí tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà;
ìyẹn ti ń rá kiri, ó ń ṣa èèpo igi jẹ.
Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú,
kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.
Mo máa ń jí lóru wo ẹnu Morádékẹ́.
Itọ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Hùnsù na téèpù yí orí rẹ̀ ká.
Èmi tí mo ń fi téèpù jẹun,
mo ti mọ̀ pé ó dín kó tó ka nọ́ńbà.
Ó gbọn agogo kékeré lẹ́yìn etí ọ̀tún.
Ó gbọn ọ́n lẹ́yìn etí òsì.
Dékẹ́ ń wo bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

Dókítà ní fáírọ́ọ̀sì kan ni,
ohun tí kò ju ọ̀fìnkìn lọ lára àgbà;
ó gba inú ẹ̀jẹ̀ ìyá wọ ilé ọlẹ̀,
ó ti kí ọmọ kí àwa tó kí i.
Múínátù ń ka oṣù lórí ìka:
ibà ọjọ́ mẹ́ta ìgbà òjò,
ife tí òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ mu,
imú ọmọ náà tó fi ọwọ́ nù.
Imú ọmọdé tó fi ọwọ́ nù!
Ta ni yóò bá obìnrin ṣẹjọ́ lórí èyí?
Ìyá mi fẹ́ gbìyànjú. Ó bẹ̀rẹ̀ pé,
"Mo kìlọ̀ fún un, kó má rìn lọ́sàn-án gangan..."
Mo ní, "Ìyá, ẹ jókòó."
Wọ́n jókòó.

Ọjọ́rú-Ọjọ́rú la ń lọ Ìdí-Àràbà.
Wọ́n kọ́ wa ká ká aṣọ, ká fi tẹ́ ẹ láyà,
kó fúnra rẹ̀ wá orí gbé.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́.
Mo kan àga kan fún un, igi àfàrà,
mo gé e, kò bá a mu, mo tún un gé,
mo fi àńkárá ìyá rẹ̀ bò ó kó má baà ha á lára.
Lẹ́yìn àjọ oṣù mọ́kànlá, ẹ̀rọ etí dé.
Ó yọ ọ́ jù sínú garawa.
A nù ún. A tún fi í sí i. Ó tún yọ ọ́.
Ọ̀rọ̀ ilé wa wá di tọwọ́:
ìka mẹ́ta létè, omi ni.
Kò tíì dá a lóhùn. A ò yéé sọ ọ́.

Gẹdú tó bá odò kan náà wá kì í gbẹ lọ́jọ́ kan náà;
a kì í fi ayùn halẹ̀ mọ́ igi tútù.
Èmi ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà,
ọdún kẹtàdínlógún rèé.
Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ létí ara mi.

Sátidé tó kọjá, ó pé ọdún méjì àti oṣù kan.
Mo gbé e lọ sí ìpẹ̀kun pákó ẹsẹ̀ méjìlá,
ibi tí ayùn kò lè dé,
mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e.
Lámídì tan ẹ̀rọ.
Ara rẹ̀ dákẹ́. Ojú rẹ̀ là.
Ó dójú kọ ọwọ́ ara rẹ̀
bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ìsàlẹ̀ igi.
Orí náà dúró. Kò yẹ̀.
Ayùn là á tán, ó dákẹ́.
Dékẹ́ lu pákó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Lámídì, tan án."
"Ọ̀gá, igi ti tán."
"Wá igi."